Gusheshe Tí Kò Tutù Mọ́

Kí ọ̀gá tó mú irinṣẹ́ kankan, páìpù méjì ló kọ́kọ́ dì mú. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, wọ́n sì ti tan AC dé òpin. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún di páìpù tó sanra mú, èyí tó ń dá gáàsì padà sínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ó fi ti òsì di èyí tó tín-ín-rín mú. Kò wo ẹ́ńjìnnì rárá. Ọ̀nà ló ń wò, níbi tí àwọn takisí ti ń fọn fèrè kọjá lọ sí Claim Street. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Èyí tó sanra tutù, ó ń làágùn díẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Gáàsì ń ṣiṣẹ́," ó ní, "kò kàn tó ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló fa ooru tó wà nínú ọkọ̀ yìí."

Inú àgbàlá kan ní Hillbrow, ní Johannesburg, la wà. Téèyàn bá gbójú sókè, á rí Hillbrow Tower tó ga tó mítà 269. BMW 325i ọdún 1991 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Rosslyn lẹ́bàá Pretoria, tí àwọn ọmọ Sáúùtù Áfíríkà ń pè ní Gusheshe. Sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra gba iwájú rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì lítà 3.2 bọ irú ọkọ̀ yìí kan náà láàárín àwọn ọdún 1980, tí wọ́n pè é ní 333i, ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti yan ọ̀kan nínú AC àti sítíárìnì onípáwà, nítorí kò sáyè fún méjèèjì. 204 péré ni wọ́n ṣe. Èyí ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá tó ń yọ́ wọlé láàárín bẹ́líìtì àti ẹ́ńjìnnì, bí ọwọ́ ìyá àgbà tó ń wá abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Ó ti ọ̀pá tẹmómítà bọ ihò atẹ́gùn tó wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù. 17 ló kà. Ó wá padà síwájú ọkọ̀, ó fi àkísà wé họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì wọnú ọkọ̀, ó sì fi púláyà fún un pọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí rọ́bà ọlọ́jọ́ pípẹ́ má baà ya. A dúró. 16. 14. Nígbà tó yá, ó di 11.

Fáàfù tó yẹ kó sé omi gbígbóná náà mọ́ta ni kò pa dé mọ́. Bí AC ti ń mú afẹ́fẹ́ tutù, bẹ́ẹ̀ ni omi yìí ń mú un gbóná padà nínú àpótí kan náà. Ẹlòmíràn ì bá ti rọ gáàsì kún un, títí tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fi máa kérora, omi gbígbóná á sì máa ṣàn lọ bó ṣe ń ṣàn. Ọ̀gá pààrọ̀ fáàfù.

Ó wá ku gáàsì tí kò tó. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń tọ páìpù láti oríkèé dé oríkèé. Gáàsì kì í hàn sójú, òróró ló ń wá. Bí gáàsì bá ń jò, á mú òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dání, eruku á sì lẹ̀ mọ́ òróró. Ní oríkèé kan nítòsí kọ̀ńdẹ́ńsà, eruku kan dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò ju èékánná lọ. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ síbẹ̀. Ó pẹ́ kí ìfófòó kan tó yọ. Ó wú, ó bẹ́, òmíràn yọ.

Ẹ̀rọ kan fa gáàsì tó kù sínú ìgò kó má baà tú sáfẹ́fẹ́. Òrùka rọ́bà tó yọ jáde láti oríkèé náà ti gan, ó ti pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ki tuntun, aláwọ̀ ewé, bọ òróró, ó fi ìka tì í wọ páìpù láìlo irin kankan. Sípánà méjì ló fi dè é, ọ̀kan dúró gbọn-in, ìkejì ń yí, nítorí alumíníọ́ọ̀mù ni páìpù náà, tí kò bá sí ẹni tó dì í mú, á lọ́. Ó pààrọ̀ ìgò tó ń fa ọ̀rinrin pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ló gbé pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Ibí yìí ni mo ti dúró tì í pẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ géèjì búlúù lọ sísàlẹ̀ òdo, ó kọjá 20, ó dúró síbi 24 àbọ̀, kò sì lọ mọ́. Ní Èkó, abẹ́rẹ́ kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 30. Ọ̀gá ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé láti Mushin, ẹ̀ẹ̀mejì lòun tú pọ́ǹpù tuntun palẹ̀, tóun ń wá ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Kò sóhun tó bàjẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú páìpù àti afẹ́fẹ́ ìta ni géèjì ń wọ̀n, Johannesburg sì fi nǹkan bíi mítà 1,750 ga ju òkun lọ; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Omi tó ń hó ní 100 létí òkun, nǹkan bíi 94 ló ti ń hó níbí. Nínú páìpù tí afẹ́fẹ́ ti tán, ọ̀rinrin tó kù á hó láìsí iná rárá, pọ́ǹpù á sì fà á jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi kánjú. Ó jẹ́ kó fà fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó ti fáàfù géèjì pa, ó jókòó sórí táyà kan, ó ń wo abẹ́rẹ́. Ogún ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ kò mira.

R12 ni ọkọ̀ yìí bá jáde, gáàsì tí Àdéhùn Montreal ọdún 1987 lé kúrò lọ́jà nítorí bó ṣe ń ba òsónì ojú ọ̀run jẹ́. Ẹnìkan ti yí i sí R134a tipẹ́. Nítorí náà, ọ̀gá kò rọ iye tí wọ́n kọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbé ìgò sórí òṣùwọ̀n, ó sì rọ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀, ó dúró, ó tún fi díẹ̀ kún un bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Tẹmómítà ka 6. Kò sọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀, títí tí omi àkọ́kọ́ fi kán láti ẹnu họ́ọ̀sì kékeré sórí ọ̀dà. Nígbà tí ìkejì kán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu sípánà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.