Òmùwẹ̀ Odò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka odò wíwẹ̀ sí eré ọmọdé. Èmi kà á sí iṣẹ́ ọwọ́. Lágbègbè Ìfisìn-Ẹkìtì, omi tó mọ lórúnkún lóṣù Kejì lè bo àgbà mọ́lẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ni létí odò.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìdí nìyẹn tí òmùwẹ̀ gidi kì í fi í kánjú. Yóò já ewé kan sómi, yóò máa wò ó. Bí ewé bá ń sáré, tó wá dédé ń yí bírí lójú kan, nǹkan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, òkúta tàbí igi tó wó. Odò tí kò bá mọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi wọ̀ ọ́, kò ní forí bẹ́ ẹ.

Kì í sì í wẹ̀ níbi tí omi ti dákẹ́. Omi tí wọ́n sé, bíi ti Ẹ̀rò ní Ìkun-Ẹkìtì, kì í sáré, irú omi bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbín kéékèèké tó ń tan atọ̀sí ajá fẹ́ràn. Ọ̀sán gangan ni kòkòrò àrùn náà ń tú jáde jù lára ìgbín.

Ẹ wá wo ìwẹ̀ náà fúnra rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún jáde, tòsì tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ń gbá omi lẹ́yìn. Ní 1602, Pieter de Marees, ará Netherlands, kọ̀wé yin àwọn ará etíkun Ghana òde òní pé wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀, wọ́n sì ń mòòkùn. Àmọ́ nígbà tí ọmọ ẹ̀yà Ojibwe méjì láti Àríwá Amẹ́ríkà wẹ̀ lọ́nà ọwọ́-tẹ̀lé-ọwọ́ yìí ní London ní 1844, jágbajàgba ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ìwẹ̀ yìí kan náà ló yá jù ní Olympics lónìí.

Ohun tó wù mí jù ni bí àwọn òmùwẹ̀ gidi ṣe ń la odò kọjá. Wọ́n á ti yan ibi tí wọ́n fẹ́ gúnlẹ̀ sí lódìkejì, wọ́n á wá rìn gòkè dáadáa kí wọ́n tó bọ́ sómi. Wọn kì í bá ìṣàn jà. Ìbú ni wọ́n ń gbà, omi á máa gbé wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti yàn. Bí wọ́n bá fẹ́ padà, wọ́n á tún kọ́kọ́ rìn gòkè létí odò, nítorí omi yóò tún gbé wọn bí wọ́n bá ń bọ̀.