Ilé Orin àti Ìrìn Orin

Ó ti di àṣà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé bí a bá bi wá léèrè ohun tí ó mú kí orin kan bani nínú jẹ́ tàbí kí ó múni yọ̀, a ó yára dáhùn pé kíì rẹ̀ ni: major fún ayọ̀, minor fún ẹkún. Kíì ni ohùn tí orin fi ṣe ilé, ibi tí ó ti ń jáde lọ, tí ó sì ń padà sí. Ìdáhùn náà rọrùn, ó sì ń gba máàkì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn pé kò tó, àti pé ìrìn orin, èyíinì ni bí ó ṣe ń yára tàbí bí ó ṣe ń fà, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ìwé kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ́ fèrè clarinet mọ̀. Franz Wilhelm Ferling, ọmọ Jámánì, kọ orin ìdánrawò 48 fún fèrè oboe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Cyrille Rose, tí a bí ní 1830, tí ó sì di olùkọ́ clarinet ní Conservatoire ti Paris, mú púpọ̀ nínú wọn, ó tún wọn tò, ó sì fi wọ́n ṣe ìdánrawò 32 fún clarinet. Kúkúrú ni wọ́n, bí ojú ìwé kan. Ètò wọn ni mo fẹ́ kí a kíyè sí: méjì méjì ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn nínú kíì kan náà, ọ̀kan ń fẹsẹ̀ fà, èkejì ń sáré.

Nínú èyí tí ń fà, èémí afọnfèrè ni a ń dán wò. Ohùn gígùn kan ń so mọ́ òmíràn láìjá, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí àárò ń sọ. Nínú èyí tí ń sáré, ìka àti ahọ́n ni. Ohùn ń fò, ó ń ṣeré. Kíì kò yí padà. Inú ilé kan náà ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó, ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣọ̀fọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orin méjèèjì kò jọra ni wọ́n fi yàtọ̀, kí ó fọn èyí tí ń fà ní ìlọ́po méjì ìyára rẹ̀. Ohùn kan kò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n àárò yóò ti fò lọ.

Ẹni tí ń kọ́ èdè kò yẹ kí ẹnu yà á. Àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì tí a ń kọ sórí orin ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Andante wá láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí rírìn. Adagio ni pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Allegro, tí gbogbo wa mú fún ‘yára’, ayọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó ni èdè náà kò ya ìrìn nípa kúrò lára bí ó ṣe ń rí lára ẹni.

Christian Schubart, ẹni tí a tẹ ìwé rẹ̀ ní 1806 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fún kíì kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ó ní C major dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé tí kò mọ ibi. Ṣùgbọ́n clarinet tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, ti B-flat, bí a bá kọ C fún un, B-flat ni ó ń dún. Kí ni kí a wá gbà gbọ́, ojú afọnfèrè tàbí etí olùgbọ́? Àwa Yorùbá mọ ìdáhùn. Ohùn ọmọdé tínrín, ti àgbà kì, síbẹ̀ igbá kò di ìgbà lẹ́nu èyíkéyìí nínú wọn. Bí ohùn kan ṣe ga ju èkejì lọ ni a ń gbọ́.

Ẹ̀rí mi tí ó kẹ́yìn ni èkínní nínú orin mẹ́ta tí Stravinsky kọ fún clarinet nìkan ní 1918, tí ó fi ta Werner Reinhart lọ́rẹ. Kò fi àmì kíì kankan sí i. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé ìlù 52 ni kí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, kí ó rọlẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀, kí ó sì parọ́rọ́. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyára rẹ̀ àti ibi tí a ó ti mí. Kò sí orúkọ ilé, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń wọni lára.

N kò wí pé kíì kò wúlò. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin méjì tí ń fà, ọ̀kan nínú major, èkejì nínú minor, yóò mọ̀ pé àwọ̀ wọn kò pa pọ̀. Àwọ̀ ni kíì ń fún orin. Ìrìn ni ó ń fún un ní ìwà.

Ohun tí ó mú mi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń yẹ ewì wò láàárín ara wa. Bí akéwì bá ti dárúkọ ikú, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewì ìbànújẹ́ ni, bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ ń jó. Orúkọ ara ilẹ̀kùn ni a kà. A kò wọlé. Ẹ jẹ́ kí a máa ka ewì sókè, kí a gbọ́ ibi tí ó ti ń sáré àti ibi tí ó ti ń mí, kí a tó sọ irú ẹni tí ó jẹ́.