Aṣọ ni Eégún, Síbẹ̀ À Ń Sá: Èrò Lórí Eré Adẹ́rùbani Olówó Pọ́ọ́kú

Bí a bá dárúkọ eré adẹ́rùbani olówó pọ́ọ́kú láwùjọ àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹ̀rín ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Wọn a rántí mànàmáná tí a fi kọ̀ǹpútà yà sójú àwòrán, ẹni tó pòórá nítorí pé a dá kámẹ́rà dúró kó lè kúrò níbẹ̀, àti ohùn àjẹ́ tó ń dún bí ẹni tó wà nínú àgbá. Síbẹ̀, àwọn eré wọ̀nyí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa wò lọ́mọdé tí a kò fi lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: bí gbogbo ènìyàn bá rí i pé ayédèrú ni mànàmáná náà, kí ló ń bà wá lẹ́rù?

Ìdáhùn kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1995, Jeffrey Sconce lo ọ̀rọ̀ náà paracinema fún àwọn fíìmù tí àwọn onímọ̀ ti kà sí pàǹtírí, ó sì ṣàlàyé pé àwọn tó fẹ́ràn wọn ń fi ìfẹ́ náà tako òṣùwọ̀n ẹwà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé kalẹ̀. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ ni Plan 9 from Outer Space, tí Ed Wood ṣe ní àwọn ọdún 1950, nípa àwọn àlejò láti ojú òfurufú tó ń jí òkú dìde. Ní 1980, ìwé The Golden Turkey Awards pè é ní fíìmù tó burú jù lọ, òkìkí rẹ̀ sì wá kàn sí i. Nínú irú ìgbádùn yìí, òǹwòran jókòó sókè eré. Àṣìṣe eré ni oúnjẹ rẹ̀. Àlàyé yìí bá Ed Wood mu. N kò rò pé ó bá òǹwòran Yorùbá mu, nítorí pé ẹni tó ń sá kò jókòó sókè ohun tó ń lé e.

Night of the Living Dead (1968) sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 114 dọ́là ni George A. Romero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe é ní agbègbè Pittsburgh. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì wà lára àwọn tó ṣe òkú. Ṣùgbọ́n àìlówó yìí kan náà ló jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ jọ ìròyìn tẹlifíṣàn ìgbà náà, tí ẹ̀rù rẹ̀ fi dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé ẹni.

Bákan náà ló rí nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, sẹ́lúlọ́ìdì ló lò. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, náírà já wálẹ̀, owó tí a fi ń fọ fíìmù lókè òkun kọjá agbára àwọn òṣèré wa, wọ́n sì yíjú sí fídíò. Inú ọ̀wọ́n owó yìí ni àwọn eré bíi Kòtò Ọ̀run ti Yẹkíní Ajílẹ́yẹ àti Agbára Ńlá ti Mike Bámilóyè ti jáde. Níbi tí kò ti sówó láti kọ́ ààfin fún àwọn ayé, pálọ̀ gidi ni wọ́n sábà máa ń lò, pẹ̀lú kọ́tìnnì àti àga tó jọ tiwa. Èyí bá ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ibi mu dáadáa: kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ààfin olówó ńlá ìbá ti gbé ẹ̀rù náà jìnnà sí wa.

Òǹwòran Yorùbá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ohun tó rí ojú rírán rẹ̀. Nígbà tí eégún alárìnjò bá pidán tó di erè tàbí ọ̀nì, gbogbo agbo ló mọ̀ pé aṣọ ni. Wọ́n ń yin ọwọ́ tó rán an, wọ́n sì ń sá fún un. Ìyìn àti ìbẹ̀rù kò ta ko ara wọn. Ẹni tó bá ní kí a yan ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbé òṣùwọ̀n àjèjì wá.

Ṣùgbọ́n kókó tó ṣe pàtàkì jù ni ti ohùn. Ẹ pa ohùn irú eré bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa wo àwòrán nìkan: yóò di àwàdà. Ẹ wá dijú, kí ẹ máa gbọ́ ohùn nìkan: ẹ̀rù yóò padà wá. Ọfọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí owó kò lè ṣe. Nínú ọfọ̀, orúkọ ewé tàbí ẹranko sábà máa ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe tó sọ ohun tí a fẹ́ jọra ní ìró, débi pé etí ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kí làákàyè tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mànàmáná tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀rí. Àmì lásán ni, tó ń sọ fún wa pé gbólóhùn ti parí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán fi lè máa rẹ́rìn-ín níbi tí ara ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti ń bù máṣọ. Mànàmáná nìkan ló kù fún un.

Èyí kò wẹ àwọn eré wọ̀nyí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ arúgbó obìnrin di àjẹ́ láìnídìí, Agbára Ńlá sì kọ́ ìjà rẹ̀ sórí èrò pé ti èṣù ni agbára ìbílẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè ṣe ènìyàn gidi ní jàǹbá, pàápàá nítorí pé ẹ̀rù wọn ń wọni lára. Ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n àríwísí tó ń fi mànàmáná ṣe yẹ̀yẹ́ ti fo ìbéèrè yìí dá. Ta ni í bá ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín jiyàn?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sórí ohun tó wù wá láti wò. Fọ́nrán fídíò ń bàjẹ́, ẹ̀dà tí a dà láti ara ẹ̀dà sì ni ọ̀pọ̀ èyí tó kù. Brian Larkin, nínú Signal and Noise (2008), ti fi ìlú Kánò ṣàpẹẹrẹ bí àdàkọ ṣe ń sọ àwòrán àti ohùn di bàìbàì. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ohùn ni ọkàn eré wọ̀nyí, a jẹ́ pé ọkàn wọn gan-an ló ń lọ. Iṣẹ́ tó wà níwájú àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni láti kọ àwọn ọfọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì lọ bá àwọn òṣèré tó pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé: ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti kọ́ ọ, kí sì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pè é níwájú kámẹ́rà? Bí a bá dúró di ìgbà tí ẹ̀rín wa bá tán, a lè má rí ohun kan gbọ́ mọ́.