Ta Ló Jókòó Sórí Àga Olùkọ́?

Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ti dá àjọṣe sílẹ̀ pẹ̀lú ti òkè òkun, pé wọ́n fẹ́ jọ kọ́ àwọn ọmọ ní àtinúdá àti bí èèyàn ṣe ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, n kì í kọ́kọ́ bèèrè iye ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ta ló jókòó sórí àga olùkọ́, ta ló sì jókòó sílẹ̀ láti kọ́ nǹkan?

N ò bá ìrìn àjò jà o. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí yóò máa rò pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ètò British Council tí wọ́n pè ní Connecting Classrooms so ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ tiwa ní Nàìjíríà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì sọ àwọn ọmọ tí kò mọra rí di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n mẹ́fà tí ètò náà ní kí a kọ́ àwọn ọmọ: ríronú jinlẹ̀ àti yíyanjú ìṣòro, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀, àtinúdá, ìwà ọmọ onílùú rere, lílo ẹ̀rọ ayélujára, àti ìdarí. Èwo nínú wọn ni ọ̀gá rẹ̀ kò sí láàárín ìgboro Adó yìí? Síbẹ̀, inú ìwé ni wọ́n ti dì í wá fún wa bí ẹrù tó gba èbúté wọlé. Pàṣípààrọ̀ ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjà náà ń gbà.

Èyí kì í ṣe tuntun ní Èkìtì. Ẹ jẹ́ ká sún dé Ìkẹ́rẹ́ nítòsí wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ó ya ọba àti aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó wá kí i sí ojú rẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley. British Museum rí i, ó wù wọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà ò gba owó. Àga oyè kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sí ààfin. Ilẹ̀kùn lọ, àga dé. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn kò sí nínú àdéhùn. Ní 1938 Ọlọ́wẹ̀ kú.

Àmọ́ ìgbà kan wà tí àwọn àlejò ṣe é lọ́nà mìíràn, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ibi tí èèyàn ń gba Ìwòròkó àti Ìfàkì dé láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní 1947, àwọn àlùfáà Àgùdà láti ẹgbẹ́ SMA ti ilẹ̀ Ireland dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Fadá Sean O'Mahony àti Fadá Kevin Carroll ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ nǹkan ọ̀ṣọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì fẹ́ kó jẹ́ ère ti Yúróòpù. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọn ò ránṣẹ́ sí Dublin pé kí wọ́n fi olùkọ́ ránṣẹ́. Wọ́n lọ wá George Bándélé, ọmọ Àreògún, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ará Òsì, ìlú Èkìtì tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Bándélé di ọ̀gá. Ó ní ọmọ iṣẹ́, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà.

Carroll gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó wo Bándélé lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ orúkọ ìpele iṣẹ́ sílẹ̀ bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń pè é: lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1967, Yoruba Religious Carving. Àlùfáà òyìnbó ni, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, síbẹ̀ òun ló jókòó sílẹ̀ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ. Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí ní 1928 (Ìlá ti Ọ̀ràngún ni mo wí o, kì í ṣe Òkè-Ìlá àdúgbò wa yìí). Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó sì ti ń gbẹ́ igi láti kékeré. Nígbà tó dé Ọ̀yẹ́, ó tún padà di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ọdún mẹ́ta gbáko. Mùsùlùmí ni, ó ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìjọ Àgùdà. Wọ́n gbẹ́ ère ìbí Jésù, àwọn amòye tó wá láti ìlà oòrùn sì wọṣọ ọba Yorùbá. Tí ẹ bá ń wá àtinúdá, òun nìyẹn. N ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí ní òtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà Lamidi gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó lọ sí Faransé, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ère Odùduwà tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó jẹ láti inú iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 2009.

N kì í ṣe ẹni tí yóò fi Ọ̀yẹ́ ṣe òrìṣà ṣá. Ó ní àbùkù. Oníbàárà kan ṣoṣo ló jẹ́ gbòǹgbò ibẹ̀, ìjọ Àgùdà, àwọn àlùfáà ló sì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá gbẹ́. Àwọn kan sọ nígbà náà pé ẹ̀mí ti kúrò nínú iṣẹ́ tí a gbẹ́ láìsí òrìṣà nídìí rẹ̀. N ò gbà pẹ̀lú wọn pátápátá, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé ní 1954 ibẹ̀ kógbá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ò sì gba ìlànà náà wọlé. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ dé ìlú Ọ̀yẹ́ kan náà ní 2011. Bí gbogbo yunifásítì wa, ó di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí dídá iṣẹ́ sílẹ̀. Tí Bándélé bá wọlé lónìí, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í.

Àìsàn kan náà ló pa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ kó iṣẹ́ 34 sínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ SS, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ẹyọ kan. Aṣọ rírẹ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, fọ́tò yíyà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yan èyí tí ṣọ́ọ̀kì lè kọ́: Marketing, Data Processing. Ta ni ẹ fẹ́ kó kọ́ wọn ní aṣọ rírẹ, olùkọ́ tí kò ti ọwọ́ bọ aró rí? Ní 2025 wọ́n dín in kù sí mẹ́fà, aṣọ rírán àti títún fóònù ṣe wà lára wọn. Mẹ́fà sàn ju 34 lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rìn yí Òkè-Ìlá ká kí ẹ tó dá mi lóhùn: télọ̀ wà, atúnfóònùṣe wà, gbogbo wọn ló mọ bí a ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́ tí a sì ń ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Ọmọ iṣẹ́ ń wọ́n wọn, kíláàsì náà ò sì ní ọ̀gá. Òfin TRCN ò sì jẹ́ kí a pe ẹni tí kò gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní olùkọ́.

Ifẹ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n gba Lamidi, tí kò ní dìgírì, ó sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò ní kó di ọ̀mọ̀wé kó tó mú àáké. Kí ló wá dé tí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Èkìtì ò lè san owó wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ọ̀gá télọ̀ kan, kí olùkọ́ tó ní NCE jókòó ti í láti kọ àkọsílẹ̀ ìdánwò?

Ní ti àwọn àlejò wa láti òkè òkun, n ò ní kí wọ́n má wá. Nígbà tí lẹ́tà àjọṣe bá tún dé orí tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kó fi ìlà kan kún un kó tó buwọ́ lù ú: ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ọmọ tiwọn yóò lò ní Ìsàn-Èkìtì lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò, lórí ìjókòó ọmọ iṣẹ́, a ó sì san owó ọ̀gá fún àwọn ìyá náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń san án fún ògbóǹtarìgì tó wá láti London.