Olùwà Kan, Àbọ̀ Méjì: Àyẹ̀wò Àtúnṣe Ètò Ìdìbò ní Gúúsù Áfíríkà

Ìyípadà ìjọba ọdún 1994 sọ ìbò di ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Síbẹ̀, ètò náà ní àbùkù kan: ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni ènìyàn lè dìbò fún, ẹgbẹ́ ló sì ń to orúkọ àwọn tí yóò di aṣòfin. Ní 2003, ìgbìmọ̀ tí Frederik van Zyl Slabbert darí dámọ̀ràn pé kí 300 nínú 400 aṣòfin ti ẹkùn ìdìbò wá. Ìjọba kò mú ìmọ̀ràn náà lò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2020, ilé-ẹjọ́ tí ń túmọ̀ ìwé òfin, ní Johannesburg, dá ẹjọ́ tí New Nation Movement pè. Adájọ́ Madlanga ló kọ ìdájọ́ náà: kò tọ́ kí ó jẹ́ inú ẹgbẹ́ nìkan ni ènìyàn ti lè dé ipò. Bí ènìyàn bá fi ojú gírámà wo apá 19 ìwé òfin, àgbàlagbà ọmọ orílẹ̀-èdè ni olùwà gbólóhùn náà, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ipò ìjọba sì ni àbọ̀ rẹ̀.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 kò fọwọ́ kan olùwà. Àbọ̀ ló gé sí méjì. Aládàádúró lè du 200 àga ti ẹkùn. 200 yòókù di ti ẹgbẹ́ nìkan, kí iye àga lè bá iye ìbò mu. Ilé-ẹjọ́ fara mọ́ ìpín yìí ní oṣù Kejìlá 2023. Nínú ìbò oṣù Karùn-ún 2024, aládàádúró kankan kò wọ ilé aṣòfin àpapọ̀.

Ohun tó bá òfin mu lè ṣàìtó. Àwọn tí ètò àtijọ́ gbé wọlé náà ni wọ́n tún un ṣe. Nàìjíríà mọ irú rẹ̀: Ààrẹ Yar'Adua gbà ní 2007 pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù, ó sì gbé ìgbìmọ̀ Uwais kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn àyè fún aládàádúró ní 2008. Òfin ìdìbò 2010 àti ti 2022 kò fàyè náà sílẹ̀.

Alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ lè wí pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí wọ́n ti ìdajì ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó dá wá.