Tọkọtaya àti Òkè Oníná: Àgbéyẹ̀wò Sinimá Fire of Love

Ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá mọ tọkọtaya kan tí iná jẹ́ ohun àjọni fún wọn. Ṣàngó ni ó rán Ọya sí ilẹ̀ Ìbàrìbá pé kí ó lọ gba oògùn tí yóò máa mú iná yọ lẹ́nu òun wá. Ọya tọ́ oògùn náà wò lójú ọ̀nà, láti ọjọ́ náà sì ni iná ti ń yọ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń gbé ní Karaworo, tí Odò Ọya ń ṣàn kọjá nítòsí rẹ̀, kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pa ìtàn yìí fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó wo Fire of Love, sinimá tí Sara Dosa darí, tó jáde ní ọdún 2022, nítorí pé ìtàn tọkọtaya àti iná ni olùdarí náà yàn láti sọ. Ohun tó yẹ kí a wádìí ni bóyá ìfẹ́ nìkan tó gbé ìtàn náà.

Katia àti Maurice Krafft ni orúkọ tọkọtaya yìí. Ọmọ agbègbè Alsace ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n. Ọdún 1942 ni a bí Katia, a bí Maurice ní 1946. Yunifásítì Strasbourg ni àwọn méjèèjì ti kàwé, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1970. Ìmọ̀ nípa èròjà inú òkúta àti gáàsì ni Katia kọ́, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni ti Maurice. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní bímọ, ìpinnu tó ṣeé ṣe kó ká olùwòran Yorùbá lára ju iná lọ, ṣùgbọ́n tí sinimá náà mẹ́nu bà kọjá bí ẹni pé kò wúwo. Láti ìgbà náà lọ, ibi tí òkè ayọnáyèéfín bá ti ń bú ni ilé wọn: Stromboli ní Ítálì, Nyiragongo ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, Iceland, Indonesia àti Hawaii. Ìwé tí wọ́n kọ, fọ́tò tí Katia yà àti fíìmù tí Maurice yà ni wọ́n fi ń rí owó rin ìrìn àjò mìíràn.

Sinimá náà kọ́ olùwòran ní ohun kan tí kò ṣeé gbàgbé. Tọkọtaya yìí pín òkè ayọnáyèéfín sí ọ̀nà méjì, pupa àti aláwọ̀ eérú. Níbi tí ilẹ̀ ayé ti ń ya kúrò lára ara rẹ̀ ni òkè pupa sábà máa ń wà. Àpáta yíyọ́ á máa ṣàn jáde bí epo gbígbóná, ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè sún mọ́ ọn kó sì padà wálé. Níbi tí ilẹ̀ ayé ti ń kọ lu ara rẹ̀, tí apá kan ń rì sábẹ́ èkejì, ni òkè aláwọ̀ eérú wà. Gáàsì a há sínú rẹ̀ títí yóò fi bú gbàmù, eérú àti òkúta gbígbóná a sì máa sáré sọ̀ kalẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Èyí kejì ni apààyàn. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo Òkè Patti ní Lokoja kó máa fòyà: omi ni ó to àpáta rẹ̀ jọ, kì í ṣe iná.) Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Òkè Cameroon bú ní ọdún 1999 àti 2000. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, gáàsì olóró yọ láti inú adágún Nyos, tó wà lójú ihò òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ kan ní Cameroon, ó sì pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn lórí ibùsùn àti lójú ọ̀nà.

Ní ti ìhun, iṣẹ́ ọwọ́ Katia àti Maurice fúnra wọn ni ó pọ̀ jù nínú àwòrán tí a rí. Àwọn méjèèjì ti kú, olùdarí kò lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a gé, tí a sì tún tò. Erin Casper àti Jocelyne Chaput ni ó ṣe iṣẹ́ títò yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn fún un níbi àjọ̀dún sinimá Sundance ní 2022. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí wọn. Ẹ̀rù àti ẹ̀rín ń tẹ̀ lé ara wọn láìsí pé olùwòran mọ ìgbà tí wọ́n yí padà. A rí Katia nínú aṣọ tó ń dán bí fàdákà, ó kéré bí ọmọdé níwájú iná tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. A rí Maurice nínú ọkọ̀ ojú omi rọ́bà lórí adágún tí omi rẹ̀ jẹ́ ásíìdì, ní Indonesia ní ọdún 1971. Katia wà ní èbúté, inú ń bí i. Ìbínú yẹn ni ó fi ìfẹ́ hàn ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí asọ̀tàn ń sọ lọ.

Ibi tí ọwọ́ ti yẹ kó kan sinimá náà nìyí. Miranda July ni asọ̀tàn. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwòrán sinmi. Bí iná bá ń jó, ó ti sọ ohun tó yẹ kí ọkàn wa máa rò. Apohùn tó mọṣẹ́ a máa mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́ kí ìlù sọ tirẹ̀. Asọ̀tàn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ti ariwo inú sinimá náà. Fíìmù tí Maurice yà kò ní ohùn nínú, nítorí náà bíbú tí òkè ń bú àti híhó tí àpáta ń hó, lẹ́yìn ni a fi wọ́n sí i. Kò burú, onísinimá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú Krafft ni òun ń lò, etí ẹlòmíràn ni òun fi ń gbọ́.

Ìyìn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi dù ú. Kò sọ Katia di ìyàwó tó ń gbẹ́rù tẹ̀ lé ọkọ. Bí Ọya ṣe ní iná tirẹ̀ ni Katia ṣe ní ìmọ̀ tirẹ̀: òun ni ó ń wọn gáàsì, òun ni ó ń fojú sí ohun kékeré tí Maurice kò dúró wò. Sinimá náà sì fi hàn pé àwòrán tí àwọn méjèèjì ti wà pọ̀ kò pọ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ hàn sí ẹni tó bá ronú: bí ẹnì kan bá di kámẹ́rà mú, ẹnì kejì ni yóò wà níwájú rẹ̀. Ìwòye ẹnì kan sí ẹnì kejì ni gbogbo àkójọ náà. Werner Herzog náà fi àkójọ yìí kan náà ṣe sinimá tirẹ̀ ní 2022, ó pè é ní The Fire Within. Kò wá ìfẹ́ kiri nínú tirẹ̀. Ó jẹ́ kí àwòrán àti orin máa lọ bí ìrèmọ̀jé ọdẹ. Ẹni tó bá rí méjèèjì yóò mọ bí a ṣe lè fi òwú kan náà hun aṣọ méjì.

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn kọ́kọ́ dá igbó wọ̀ fún ara rẹ̀, kí ọba tó wá rán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó nítorí ire ìlú. Ìrìn méjì náà kò dọ́gba. Ìgbésí ayé tọkọtaya Krafft ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ọdún 1985 sì ni ó dé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún náà, òkè Nevado del Ruiz bú ní Colombia. Bíbú náà kò tilẹ̀ tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ́ yìnyín orí òkè, ẹrẹ̀ sì ya wọ ìlú Armero, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 23,000. Àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi ewu hàn kí òkè tó bú, Armero sì wà nínú rẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí òkè bú kí ẹrẹ̀ tó dé ìlú. Ikú náà ṣeé yẹ̀.

Tọkọtaya náà lọ síbẹ̀, wọ́n ya òkú àti ẹrẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe fíìmù kan tí yóò fi ewu òkè ayọnáyèéfín han ìjòyè àti ará ìlú tí kò lè ka àwòrán ilẹ̀. A fi í hàn ní Philippines ní 1991, nígbà tí òkè Pinatubo ń gbọ̀n, ó sì wà lára ohun tó mú kí àwọn aláṣẹ gbà pé kí àwọn ènìyàn kúrò. Òkè náà bú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Philippines ṣírò pé ìkìlọ̀ àti kíkó àwọn ènìyàn kúrò gba ẹ̀mí tí kò dín ní 5,000 là. Ìrìn Òkè Lángbòdó wọn nìyí, àyè tí Fire of Love sì fún un kò tó èyí tó fún ẹwà iná. Àléébù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà ni.

Olùwòran Lokoja ni ó lè mọ bí àléébù náà ti rí. Ní ọdún 2012, omíyalé pa 363 ènìyàn ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ní 2022, ọdún tí sinimá yìí jáde gan-an, omi Ọya àti Bẹ́núè tún kún. Ganaja, Adánkọ́lọ́ àti Gadumo wọ inú omi, òpópónà Lokoja sí Àbújá gé, àwọn tó kú káàkiri orílẹ̀-èdè sì lé ní 600. Ìkìlọ̀ ti wáyé kí omi tó dé. Àjọ tó ń rí sí omi ti dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ inú ìwé kò dà bí ìkìlọ̀ tí ojú rí, ohun tí Katia àti Maurice sì rí ní Armero nìyẹn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi sinimá yìí kọ́ni ní kíláàsì lè fo ibi tí wọ́n ti ń jó níwájú iná, kó dá a dúró sí Armero.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1991 ni wọ́n kú, ọjọ́ 12 ṣáájú bíbú Pinatubo, ní òkè Unzen ní Japan. Òkè aláwọ̀ eérú ni. Sinimá náà fi ọ̀wọ̀ ṣe ibi yìí, kò fi ikú wọn ṣe ìran. Ṣùgbọ́n ènìyàn 43 ni ó kú lọ́jọ́ náà. Harry Glicken, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wà lára wọn: òun ni ó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ ní òkè St. Helens ní ọjọ́ tó bú ní 1980, tí David Johnston tó gba ipò rẹ̀ sì bá a lọ. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn yòókù jẹ́ oníròyìn tó wá ya àwòrán òkè náà, àwọn awakọ̀ takisí tó gbé wọn wá, àti àwọn panápaná àdúgbò tí iṣẹ́ ìṣọ́ mú wá síbẹ̀. Kámẹ́rà ni ó fa ọ̀pọ̀ wọn dé ìdí òkè náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe fa tọkọtaya náà. Awakọ̀ àti panápaná kò ní ìtàn ìfẹ́ tí a lè fi orin sí lábẹ́, sinimá náà kò sì dúró lọ́dọ̀ wọn.