Orúkọ Ojú Ewé àti Àdírẹ́sì Rẹ̀: Àyẹ̀wò Wikipedia Èdè Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Òkè Ọya ṣe ilé, òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo Wikipedia èdè Yorùbá, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Kì í ṣe àwọn àròkọ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe ohun méjì tí ojú wa máa ń fò kọjá: orúkọ tí ojú ewé ń jẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀.

Àdírẹ́sì ibẹ̀ ni yo.wikipedia.org. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á. "Org" ni agboolé, "wikipedia" ni onílé, "yo" sì ni yàrá tiwa, bí "ha" ti jẹ́ ti Hausa, tí "ig" sì jẹ́ ti Igbo. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ìlà ìdábùú (/) ń tọ́ka sí ojú ewé kan nínú ilé náà.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ àbúrò mi kan sanwó fọ́ọ̀mù sí ojú ewé kan tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé gidi sí lórí gàdàgbà. Orúkọ ló wò, kò wo àdírẹ́sì. Owó náà wọgbó. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ tó wù ú sórí ojú ewé tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì bá jẹ́ banki.example.com, example.com ló ni ín, kì í ṣe báǹkì kankan.

Níbi tí mo ti yin Wikipedia nìyí: orúkọ ojú ewé náà ló ń parí àdírẹ́sì rẹ̀. Ohun tí o rí lókè ni o máa rí nísàlẹ̀. Mo tún yìn wọ́n pé wọ́n gba àmì ohùn láyè. Bí a bá kọ "owo" lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí òwò, tàbí ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó?

Ṣùgbọ́n àléébù wà. Bí ẹ bá da àdírẹ́sì tó ní Ìbàdàn nínú kọ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó lè di %C3%8Cb%C3%A0d%C3%A0n lójú rẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi pilẹ̀ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń rọ́pò lẹ́tà tó bá lámì. Bàbá tó bá rí i lórí fóònù rẹ̀ yóò rò pé àwọn oníjìbìtì ti dé.

Èkejì, bí òǹkọ̀wé méjì bá fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí orúkọ ìlú kan, ìlú kan ṣoṣo lè ní ojú ewé méjì. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ọmọ wa níhìn-ín ni fóònù wọn kò ní àmì. Àdírẹ́sì tí kò lámì kò lè gbé wọn dé ojú ewé tó lámì, àfi bí ẹnìkan bá ti ṣe ojú ewé atọ́nà síbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ àmì kúrò. Èmi ò gbà. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ tó sọ ohùn nù ti sọ ìtumọ̀ nù. Kí orúkọ gidi dúró pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí a sì ṣe atọ́nà tí kò lámì fún un. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo rọ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ìlú bàbá rẹ̀, kí ọmọ tí a bí sí Òkè Ọya má baà kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kí wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.